Bí A Ti Ń Mọ Ẹni Tó Ń Halẹ̀

   

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, lẹ́yìn tí a jẹun tán tí àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ́ káàdì Whot sílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọjà èso bi mí léèrè pé, "Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ bí ẹni tí ẹ ń bá nájà bá ń halẹ̀ lásán? Èmi a máa wo ojú wọn títí, n kì í sì í rí nǹkan kan níbẹ̀." Àwọn tó jókòó yí wa ká rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi, túbọ̀ máa wò ó." Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè náà ti gba owó lọ́wọ́ mi rí, díẹ̀ ló sì kù kó gba ilé mi. Mo ní n óò dá a lóhùn. Ìdáhùn náà nìyí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí mọ Zuba dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ará ilé tí a máa ń fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Zuba, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ pẹ́ kí ìjọba tó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ ní 1976. Oríta ńlá ni. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja gba Gwagwalada dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tó ń ti àárín Abuja bọ̀ ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn a sì gba iwájú Suleja kọjá lọ sí Kaduna. Nítorí oríta yìí ni ọjà èso fi gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọsàn àti máńgòrò ń bọ̀ láti ilẹ̀ Benue, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ láti ìhà gúúsù, bàrà olómi tí àwọn ènìyàn ń pè ní watermelon ń bọ̀ láti òkè Hausa.

Kò jìnnà sí wa ni àpáta Zuma wà, èyí tí wọ́n yà sẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tó jáde ní 1999. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà náà kọjá yóò rí ohun tó jọ ojú ènìyàn lára rẹ̀: ojú méjì, imú àti ẹnu. Láti 1998 tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Zuba ni mo ti ń wo ojú yẹn. Títí di òní, kò tíì sọ ohun kan tó wà nínú àpáta náà fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìhalẹ̀ jẹ́ ní ọjà wa. Èso kì í dúró de ènìyàn. Ọsàn tó wọlé lónìí, bí oòrùn bá pa á fún ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó ni ín ti wọ gbèsè. Nítorí náà, ẹni tó gbé ọjà wá ń bẹ̀rù ìdíbàjẹ́, àwa alágbàtà sì ń bẹ̀rù kí ọjà má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ń fi ẹ̀rù tirẹ̀ pamọ́, ó sì ń nawọ́ sí ẹ̀rù ẹnì kejì. Ẹni tó gbé ọjà wá yóò ní, "Bí ẹ kò bá san iye tí mo wí, Kaduna ni mò ń lọ." Àwa náà yóò ní, "Máa lọ, ọkọ̀ méjì ń bọ̀ lálẹ́ yìí." Nígbà mìíràn òtítọ́ ni, nígbà mìíràn irọ́ ni. N kò fẹ́ ṣe bí ẹni mímọ́ níwájú yín. Èmi náà ti pe ọkọ̀ tí kò sí rárá.

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2007, àwọn obìnrin mẹ́jọ nínú ará wa, àwọn tó ń gbé ọsàn sórí àtẹ, kó owó wọn jọ fún mi kí n bá wọn ra ọsàn ọkọ̀ kan. Owó àjọ ni, ẹ sì mọ ohun tí owó àjọ jẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lọ́rì kan dé láti Benue. Ọkùnrin tó ni ọsàn náà bẹ̀rẹ̀ ní ₦180,000. Mo yọwó ₦130,000. Ó já a sí ₦150,000, ó ní òun kò ní dín kọ́bọ̀ kan kù mọ́, pé bí n kò bá gbà, òun ń lọ sí Kaduna nísinsìnyí.

Mo wo ojú rẹ̀. Òógùn ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí mo bá ń wò ó, a máa gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ nínú ara mi pé, "Irọ́ lèyí ń pa, ẹ̀rù ló ń bà á." Mo ní ₦135,000, n kò sì fi nǹkan kan kún un mọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó lọ. Mo ṣì dúró síbẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sọ fún àwọn alábàárù pé yóò yí padà ní iwájú. Kò yí padà. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sí ọkọ̀ ọsàn mìíràn tó wọlé. Nígbà tí òmíràn dé, owó rẹ̀ ti fò sókè kọjá ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin mẹ́jọ náà fi àtẹ òfìfo sílé. Èmi ni mo fi owó ara mi dí ohun tó sọnù, n kò sì lè wo ojú wọn ní ìpàdé fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ tún gba Zuba kọjá ni mo béèrè ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ara ọ̀gá òun kò yá lọ́jọ́ yẹn, pé ibà ló ń ṣe é láti ojú ọ̀nà. Òógùn tí mo rí, òógùn ibà ni. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ibà ló ń gbọ̀n ọ́n. Ojú tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ló ń fọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni àwọn ohun tí mo rí tí n kò kà sí. Láti ìgbà tí lọ́rì náà ti dúró, wọn kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Okùn tó di tapólì mọ́ orí ọsàn le gbagidi. Wọn kò tú ẹyọ kan. Ọmọ ọkọ̀ ti lọ ra búrẹ́dì àti omi fún ojú ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ tà ní Zuba yóò tú okùn kí àwọn oníbàárà lè rí ọjà rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ náà ló ń sọ fún mi pé Kaduna ni àwọn ń lọ, èmi sì dúró tì í, mò ń ka òógùn iwájú orí.

Bàbá kan wà láàárín wa nígbà náà, ará Ọ̀fà, tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti sinmi nísinsìnyí. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìpàdé, Bàbá a máa bá wa ta Whot, ṣùgbọ́n wọn kì í fi owó sí i rárá. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ lọ́rì náà fún wọn. Wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n jókòó ká ta káàdì.

A jẹ́ mẹ́rin nídìí káàdì. Nígbà tó yá, ó ku káàdì méjì sí mi lọ́wọ́: Whot kan àti àgbélébùú kan. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ju Whot sílẹ̀ ló lè pe irú káàdì tó wù ú. Mo ju Whot sílẹ̀, mo kéde pé káàdì kan ló kù, mo sì fi ohùn líle pe ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ àgbélébùú ló wà lọ́wọ́ mi. Èrò mi ni pé wọn yóò gbà pé ìràwọ̀ ni mo ní, wọn yóò sì sáré yí i padà sí nǹkan mìíràn, bóyá sí àgbélébùú gan-an. Bàbá ló kàn. Wọn kò tilẹ̀ gbé ojú sókè wò mí. Wọ́n ní, "Ìràwọ̀ méje péré ló wà nínú Whot. Mẹ́fà ti jáde. Èkeje rèé lọ́wọ́ mi. Èwo wá ni tìrẹ?" Wọ́n ju ìràwọ̀ wọn sílẹ̀, gbogbo àwa yòókù sì lọ sọ́jà, èmi pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí ni Bàbá wá wò mí, wọ́n ní, "Ojú rẹ le, ohùn rẹ le, mo rí i, mo sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ kò sí nínú káàdì. Ohun tó ti jáde ni kí o máa kà."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ọgbọ́n Zuba nìkan nìyí. Ọmọ mi tó kàwé ní yunifásítì ti bá mi wá ọ̀rọ̀ náà rí nínú ìwé. Ní Amẹ́ríkà, eré káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní poker, káàdì 52 ni wọ́n fi ń ta á. Olúkúlùkù ń fi káàdì tirẹ̀ pamọ́, ó sì ń gbé owó sílẹ̀ ní àárín. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára lè gbé owó ńlá sílẹ̀ bí ẹni pé ó dára, kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù kí wọ́n sì sá. Ọ̀mọ̀wé kan, John von Neumann, ọmọ ilẹ̀ Hungary, kọ̀wé lórí irú eré bẹ́ẹ̀ ní 1928. Ní 1944, òun àti Oskar Morgenstern tẹ ìwé ńlá kan jáde, wọ́n sì fi ìṣirò hàn nínú rẹ̀ pé ìhalẹ̀ kì í ṣe ìwà pálapàla lásán nínú eré náà. Ẹni tí kì í halẹ̀ rárá, ìgbà tó bá gbé owó ńlá sílẹ̀ gbogbo ènìyàn yóò sá, kò ní jẹ èrè púpọ̀. Ẹni tó bá sì ń halẹ̀ nígbà gbogbo, wọn yóò ká a mọ́. Bákan náà ni ẹni tó ń gbọ́: bó bá gba gbogbo ìhalẹ̀ gbọ́, wọn yóò jẹ ẹ́ tán, bí kò bá gba ọ̀kankan gbọ́, yóò fi orí gbá òtítọ́ lọ́jọ́ kan. Ohun tó ṣe mí nídìí lọ́rì ọsàn nìyẹn.

Ní ti wíwo ojú, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Charles Bond àti Bella DePaulo, kó iṣẹ́ àwọn olùwádìí púpọ̀ jọ ní 2006. Wọ́n rí i pé bí a bá ní kí àwọn ènìyàn fi etí àti ojú lásán mọ òpùrọ́ yàtọ̀ sí olóòótọ́, nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 54 ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá dijú tó sì ń ta kọ́bọ̀ sókè yóò gba nǹkan bí 50. Ní 2013, Michael Slepian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán àwọn ògbóǹtarìgì nínú poker han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láìsí ohùn. Àwọn tó wo ojú nìkan kò mọ ẹni tí káàdì rẹ̀ dára. Àwọn tó wo apá àti ọwọ́ nìkan, bí ó ti ń ti owó síwájú, ṣe dáadáa díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ní oṣù kìíní 2017, ní ìlú Pittsburgh, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Libratus bá ògbóǹtarìgì mẹ́rin ta poker fún 20 ọjọ́, ìtakò 120,000. Ẹ̀rọ náà kò lójú tó lè fi wo ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ nìkan ló ń kà, ó sì borí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ọmọ mi sọ èyí fún mi, mo ní, "Bàbá ará Ọ̀fà ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ."

Ní 2009, lọ́rì mìíràn dé. Ọkùnrin tó ni ọsàn yìí dúró ṣinṣin. Kò làágùn, ó ń wo ojú mi tààrà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń dúró ní Kaduna, pé kò ju wákàtí kan lọ tí òun yóò fi kúrò. Bí n bá wo ojú rẹ̀ nìkan ni, ǹ bá san gbogbo ohun tó béèrè. Mo fi í sílẹ̀, mo yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Wọ́n ti tú tapólì, wọ́n ti ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dírẹ́bà ti bọ́ra, ó sùn sábẹ́ igi. Ọmọ ọkọ̀ ń fọṣọ, ó sì ti sá èyí tó fọ̀ sórí igi. Omi ọsàn ti ń kán láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ta ni yóò sá aṣọ tútù sórí igi ní Zuba tí yóò dé Kaduna lónìí? Mo padà, mo ní iye tí mo lè san rèé, mo sì jókòó sí ìsọ̀ mi. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó tọ̀ mí wá.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi etí sí èyí. Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá mọ̀ pé ẹnì kan ń halẹ̀, n kò gbọdọ̀ dójú tì í láàárín ọjà. Nítorí náà n kò fi aṣọ tó sá ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì já owó náà wálẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú. Iye tí mo wí lọ́sàn-án ni mo san lálẹ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ló kọ́kọ́ máa ń wá bá bó bá ti gbé ọsàn dé, kò sì dárúkọ Kaduna fún mi mọ́.

Ǹ bá dánu dúró níbí, gbogbo yín yóò sì máa pè mí ní ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kan ilé mi ló mú kí n kọ ìwé yìí, n óò sì sọ ọ́, nítorí pé ìyá àwọn ọmọ mi ti fún mi láṣẹ.

Lẹ́yìn ikú Bàbá ará Ọ̀fà, mo bá àwọn kan rìn tí wọ́n ń ta káàdì olówó nítòsí ibùdókọ̀. Mo rò pé nítorí pé mo ti mọ ẹni tó ń halẹ̀, owó wọn yóò di tèmi. Ó di tèmi fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í di tiwọn. Ìyá àwọn ọmọ mi bá mi wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pariwo, tó ní òun yóò kó àwọn ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo wo ojú rẹ̀, mo rí omijé níbẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé, "Obìnrin yìí kò lè lọ. Ó kàn ń halẹ̀ ni." Òtítọ́ sì ni, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ìhalẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní 2011, mo wọ bàtà, mo fẹ́ jáde. Ó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé ohùn sókè. Kò sí omijé lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìbínú. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ kò ní bá wa nílé lọ́la." Ó sì ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ojú rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi fi dùn. Mo ní ìbínú rẹ̀ ti rọlẹ̀ nìyẹn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sí ìta nígbà tí ohùn Bàbá bọ́ sí mi létí pé: ohun tó ti jáde ni kí o máa kà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kà á. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò sí ní igun tó máa ń wà. Ó ti ní wọ́n ń bá òun tún un ṣe, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti gba àjọ rẹ̀, kò sì bá wọn dá ti oṣù náà. Oṣù ti wọlé, kò ra epo, kò ra gàrí sílé. Páálí tí ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ máa ń wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti bi mí léèrè lọ́sẹ̀ yẹn bí màmá àgbà bá ní ajá nílé wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. N kò kà á pọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́fà ti jáde, èkeje sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

Mo padà wọlé. Mo bọ́ bàtà. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í, mo sì bá a ṣa ẹ̀wà náà. Kò wí nǹkan kan, èmi náà kò wí. A jẹ ẹ̀wà náà lálẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rán àkọ́bí wa lọ sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Ọmọ náà padà dé, ó ka owó sí i lọ́wọ́. Mo béèrè pé owó kí ni. Ó ní owó ọkọ̀ tí òun ti san ni, fún òun àti àwọn ọmọ mẹ́ta, ọkọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà, pé ìdajì ni wọ́n dá padà. Ìdajì yòókù ti wọlé. N kò ta káàdì olówó mọ́ láti ọjọ́ náà di òní. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà padà sí igun rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ gbé e.

Ọmọ mi tó béèrè ọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ohun mẹ́ta ni mo ní fún ọ.

Èkínní, wo ohun tó ti ṣe kó tó sọ̀rọ̀, kí o sì bi ara rẹ bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá a mu. Ẹni tó ń lọ sí Kaduna kì í tú okùn. Ẹni tó ń halẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ẹnu, ẹni tí kò halẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti àná.

Èkejì, wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ná an. Ariwo kì í ná ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti san owó ọkọ̀ tí kò lè gbà padà tán, má pe ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìhalẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù: wo ara rẹ. Kí ló dé tí mo fi rí ẹ̀rù lójú ọkùnrin tí ibà ń ṣe? Nítorí pé mo fẹ́ ra ọsàn ní ẹ̀dínwó ni. Kí ló dé tí mo fi rí ìrọ̀rùn lójú obìnrin tó ti di ẹrù? Nítorí pé mo fẹ́ lọ ta káàdì ni. Kò sí ẹni tó tàn mí jẹ nínú àwọn méjèèjì. Òtítọ́ ni wọ́n sọ fún mi, wọ́n sì sọ ọ́ kedere. Ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ni mo kọ sí ojú wọn, tí mo sì ń kà padà fún ara mi. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí inú rẹ bá dùn jù pé ẹni tó wà níwájú rẹ ń halẹ̀, dúró, kí o tún káàdì kà.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí á rántí pé ojú tiwa náà wà níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń ṣì wá lọ́nà.

Mo kí gbogbo ilé. Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n kí yín, ó sì ní kí n fi kún un fún ẹ̀yin ìyàwó pé kí ẹ má kọ́kọ́ san owó ọkọ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ ná. Mo ní mo gbọ́. Ó dìgbà ìpàdé.

Èmi ni,
Alágbàtà Ọlọ́sàn, Zuba.